Encanto: ẹ fo orin kan kọjá, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀

Ọ̀nà tó yá jù láti fi mọ̀ bóyá kàtúùnù olórin kan múná dóko nìyí: ẹ mú orin kan nínú rẹ̀, ẹ fò ó kọjá, kí ẹ sì máa wo ìtàn náà lọ. Bí ìtàn bá ń lọ geere bí ẹni pé kò sí nǹkan tó yọ, orin yẹn kàn wá gba àyè síbẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ tó ń wò ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé "kí ló dé tí èyí fi ń bínú?", "ìgbà wo lèyí mọ ohun tó mọ̀ yìí?", á jẹ́ pé orin náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọ̀pọ̀ kàtúùnù olórin tí wọ́n ń ṣe fún ọmọdé ni kì í yege nínú ìdánwò yìí. Ẹni méjì á jókòó, wọ́n á fẹnu sọ ọ̀rọ̀ tán pátápátá, wọ́n á wá dìde, wọ́n á fi orin tún un sọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti lọ, a ò kúrò lójú kan.

Encanto, tí Disney gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, yege nínú ẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Orin rẹ̀ ń ru ẹrù. Ibẹ̀ náà sì ni àléébù rẹ̀ ti wá: nígbà tí fíìmù náà dé ìparí, tí ìdílé inú rẹ̀ ní gbèsè láti san, orin ni wọ́n fi san án, owó yẹn ò sì pé.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ìtàn náà fún ẹni tí kò tíì wò ó. Àárín òkè ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà ló ti ṣẹlẹ̀. Alma, tí gbogbo ilé ń pè ní Abuela, ìyẹn ìyá àgbà, àti Pedro ọkọ rẹ̀ gbé ìbẹta wọn, wọ́n ń sá fún àwọn jàǹdùkú tó gun ẹṣin. Wọ́n pa Pedro létí odò. Àbẹ́là tó wà lọ́wọ́ Alma wá di ohun àràmàǹdà: ó gbé òkè dìde yí wọn ká, ó sì di ilé kan fún wọn tó ń mí, tó ń gbọ́ràn, Casita lorúkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ọmọ ilé náà bá ti pé ọdún 5, ìlẹ̀kùn kan á tàn fún un, á sì gba ẹ̀bùn tirẹ̀. Nínú ìbẹta náà, Julieta ń fi oúnjẹ wo àìsàn. Bí inú Pepa bá ṣe rí ni ojú ọjọ́ á ṣe rí. Bruno ń rí ọjọ́ iwájú. Nínú àwọn ọmọ-ọmọ, Isabela ń hu òdòdó, Luisa lágbára bí erin, etí Dolores ń gbọ́ ohun gbogbo, Camilo lè gbé àwọ̀ ẹnikẹ́ni wọ̀, Antonio ń gbọ́ èdè ẹranko. Mirabel, ọmọ ọdún 15, àbúrò Isabela àti Luisa, nìkan ni ìlẹ̀kùn rẹ̀ parẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn 50 ọdún, ògiri ilé bẹ̀rẹ̀ sí í lanu.

Jared Bush àti Byron Howard ló darí rẹ̀, Charise Castro Smith sì bá wọn dá sí i. Lin-Manuel Miranda ló kọ orin mẹ́jọ tó wà nínú rẹ̀. Germaine Franco ló ṣe orin tó ń dún lábẹ́ àwòrán. Fíìmù náà gùn tó ìṣẹ́jú 102.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ tó dúró, ìgbà kan ò tó. Ẹ kọ́kọ́ wò ó láì dá a dúró rárá. Nígbà kejì, ẹ mú bébà, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ fún orin kọ̀ọ̀kan: kí ni akọrin náà kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni kí orin tó bẹ̀rẹ̀, kí ló ti yí padà nígbà tó parí, ta ló sì gbọ́ ọ nínú ìtàn. Ìbéèrè kẹta yẹn ni àwọn èèyàn kì í bèèrè, òun ló sì ṣí Encanto fún wa. Nígbà kẹta, ẹ pa ohùn rẹ̀ pátápátá, kí ẹ wo orin náà bí ẹni ń wo àwòrán lásán.

Orin ìbẹ̀rẹ̀, "The Family Madrigal", ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ pípa ohùn yẹn. Èèyàn 12 ló wà láàyè nínú ìdílé yìí, ìyẹn sì pọ̀ jù fún kàtúùnù. Bí èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ọmọ ọdún mẹ́fà lè mú dání láìjá ọ̀kan sílẹ̀. Mirabel wá ń sáré káàkiri, ó ń to ìdílé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún àwọn ọmọ kéékèèké bí ẹni ń ki oríkì agboolé. Ọ̀rọ̀ orin náà nípọn, ó sì yára. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ilé rẹ̀ ò ní gbọ́ ju ìdajì lọ nígbà àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì tàn yín pé ìyẹn kì í ṣe àléébù. Àmọ́ bí ẹ bá pa ohùn, ẹ ó rí i pé aṣọ ń sọ ohun tí ẹnu ń sọ. Ẹ̀ka Julieta wọ àwọ̀ tútù, búlúù àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ẹ̀ka Pepa wọ àwọ̀ oòrùn: ìyeyè, ọsàn, pupa. Àwọ̀ ewé ni ti Bruno. Ọmọ tí kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni á ti mọ ẹni tó bí ta. Ẹ tún wo síkẹ́ẹ̀tì Mirabel dáadáa, ẹ dá àwòrán dúró bó bá gbà bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó wà lára rẹ̀ jẹ́ àmì àwọn ará ilé rẹ̀. Ọmọ tí wọn ò fún ní nǹkan kan ló ń ru ẹ̀bùn gbogbo wọn kiri lára aṣọ. Kò sẹ́ni tó fi ẹnu sọ ọ́ nínú fíìmù náà. Irú nǹkan báyìí la fi ń mọ àwọn tó fara balẹ̀ ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ tí orin náà ń ṣe gan-an sì fara sin. Ohun tí àwọn ọmọ náà bèèrè ni pé ẹ̀bùn wo ni Mirabel ní. Gbogbo oríkì yẹn, ọgbọ́n àti yẹ ìbéèrè náà sílẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ṣe ń tẹ̀ lé e ló ń sáré sí i, tí orúkọ ń já lu ara wọn lẹ́nu rẹ̀. Orin ọ̀hún ò tíì tutù lẹ́nu tí Dolores, ẹni tí kò sí ohun tí kì í gbọ́, fi là á mọ́lẹ̀ fún àwọn ọmọ náà pé wọn ò fún Mirabel ní nǹkan kan. Bí ẹ bá fo orin náà kọjá, ọ̀rọ̀ Dolores á di ọ̀rọ̀ lásán. Nítorí orin náà ló ṣe dunni.

Orin kejì rẹ̀, "Waiting on a Miracle", wá lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti to ara wọn láti ya fọ́tò níbi ayẹyẹ Antonio, tí wọ́n sì gbàgbé láti pè é. Ẹ fi ọwọ́ lu tábìlì bó ti ń kọrin. Ẹ ó máa kà á ní ení, èjì, ẹ̀ta. Ení, èjì, ẹ̀ta. Bambuco ni, orin ìbílẹ̀ àwọn ará òkè Andes ní Kòlóńbíà. Ẹ wá fi ọwọ́ kan náà lu àwọn orin tó kù: ní ẹ̀rin-ẹ̀rin ni wọ́n ń lọ. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ti ará ilé rẹ̀ mu ni wọ́n gbé ka ìlù tí kò bá tiwọn mu. Ọmọdé ò ní mọ̀ pé ẹ̀ta ni òun ń gbọ́, àmọ́ ara rẹ̀ á sọ fún un pé nǹkan kan yàtọ̀. Ta ló gbọ́ orin yìí? Ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Gbogbo èèyàn dá dúró gbagidi bí ère nígbà tó ń rìn láàárín wọn, orin sì parí kí wọ́n tó tún mí.

"Surface Pressure" ti Luisa ni àwọn ọmọ máa ń fò sókè sí, nítorí pé ìlù reggaeton, orin ijó àwọn ará Látìn Amẹ́ríkà, ló wà lábẹ́ rẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì ń jó níbẹ̀. Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àti ìlù ò sọ ohun kan náà. Ìlù ń sọ pé mo lágbára. Ọ̀rọ̀ ń sọ pé bí n kò bá lè gbé ẹrù mọ́, ta ni mo jẹ́? Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ pé kó bá wọn gbé ilé ìjọsìn kúrò lójú kan ni Luisa jẹ́ lójú wa. Lẹ́yìn rẹ̀, a mọ̀ pé àkọ́bí ọmọ ni (kì í ṣe ní ọjọ́ orí, ní iṣẹ́), irú èyí tí gbogbo ilé ń pè bí nǹkan bá bàjẹ́. Mirabel gbọ́ ọ, torí náà Luisa lè wá sọ fún un pé kó lọ wo yàrá Bruno. Ìtàn ti sún síwájú. Àléébù kan péré ni mo rí níbẹ̀: àwòrán inú rẹ̀ ń yí padà ju bí ojú ọmọ kékeré ṣe lè tẹ̀ lé lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin á rántí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kò ní rántí ìbẹ̀rù Luisa.

Ẹ jẹ́ ká wá jókòó ti "We Don't Talk About Bruno" díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi wà ní ipò kìíní lórí Billboard Hot 100, àtẹ àwọn orin tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2022. Kò sì sí gbajúmọ̀ olórin kankan tí wọ́n fi tà á. Agbo èèyàn ló kọ ọ́, orí òfófó ni wọ́n sì kọ ọ́ lé.

Bí wọ́n ṣe to ó nìyí. Ìlànà dùùrù kan náà, tó ní àwọ̀ guajira ti Kúbà, ló ń yí po láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yẹsẹ̀. Lórí rẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wá gbé ohùn tirẹ̀ lé. Pepa àti Félix ọkọ rẹ̀ ń jà du ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu, bí tọkọtaya tó ti sọ ìtàn ìgbéyàwó wọn nígbà ọgọ́rùn-ún. Dolores ń sọ tirẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kíákíá, ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Camilo ń ṣe bí ẹni ń pa àlọ́ iwin. Àwọn ará àdúgbò dá sí i: ti ẹja tó kú, ti ikùn tó yọ, ti irun tó re. Isabela wá gbé tirẹ̀ jáde ní ohùn gígùn, tó ń fà bí òórùn òdòdó. Nígbà tí a ti gbọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí etí ti mọ̀ ọ́n, wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì di ariwo. Ìdí ni pé ìlànà abẹ́ rẹ̀ kò yí padà rí, torí náà ohùn gbogbo wọn ti bára mu láti ilẹ̀. Ìdí kejì ni pé ọ̀kan yára, ọ̀kan falẹ̀, ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, kò sí èyí tó dúró lójú ọ̀nà èkejì. Ibi tí àwọn tó ń farawé irú orin yìí ti ń ṣubú ni pé wọ́n máa ń da ohùn pọ̀ kí olùgbọ́ tó mọ ti ẹnikẹ́ni. Etí ò rí nǹkan kan dì mú, ọjà Ọjọ́bọ̀ ló ń gbọ́.

Nígbà tí agbo yìí ń lọ lọ́wọ́, Mirabel ń to àfọ́kù gíláàsì aláwọ̀ ewé pọ̀, ìyẹn ìran tí Bruno rí kẹ́yìn. Bí orin ṣe ń pé ni gíláàsì náà ń pé. Orin parí, bàbá rẹ̀ yọjú, ó rí i: Mirabel fúnra rẹ̀ ló wà nínú àwòrán náà, ilé tó sán sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fo èyí kọjá. Kò ṣeé ṣe.

Ohun tó wá jẹ́ kí n gbà pé ọ̀gá ló kọ ọ́ ni pé ìròyìn tí wọ́n ń gbé kiri nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní òótọ́ kan nínú. Camilo ya Bruno bí òmìrán tí eku ń gun lẹ́yìn. Nígbà tí a rí Bruno, ọkùnrin kékeré kan ni, ojú ń tì í, ó ń fi ọwọ́ lu igi kí aburú má bàa ṣẹlẹ̀. Fún ọmọdé tó máa ń gba ohun tí àgbà bá sọ gbọ́, ẹ̀kọ́ ńlá ni kó rí i pé gbogbo ilé lè fi ohùn dídùn kọ irọ́ nípa ẹnì kan.

Ibẹ̀ gan-an ni fíìmù náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbèsè. Ẹ padà sí bébà yín, kí ẹ wo orúkọ àwọn tó ní orin tara wọn. Mirabel ní. Luisa ní. Isabela ní. Bruno, ẹni tí wọ́n kọ orin tó gbajúmọ̀ jù lé lórí, kò ní. Ọdún mẹ́wàá ló fi gbé inú ògiri ilé ìyá rẹ̀. Wọ́n sọ fún wa pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Aláǹgbá tiwọn yìí tiẹ̀ ń bá wọn rẹ́ ibi tó lanu ni. Ó ya àwo oúnjẹ sí ara tábìlì tirẹ̀, ó fi kan ẹ̀yìn ògiri ibi tí wọ́n ti ń jẹun, kó lè dà bí ẹni pé òun ń bá wọn jẹ ẹ́. Àwòrán yẹn ló dunni jù nínú gbogbo fíìmù náà, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu bí i mélòó kan kọjá lórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè sọ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ lorin rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ká ní ìparí fíìmù fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn láyè. Kò fún un.

Àárín yìí náà, láti yàrá Bruno tó kún fún iyanrìn títí dé inú ògiri, ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà máa ń gbé ojú kúrò. Kò sí ọ̀tá nínú ìtàn yìí, kò sí ẹni burúkú tí wọ́n ń lé. Fún ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè, iyì fíìmù náà nìyẹn, torí ó ti mọ̀ pé ilé lè gbóná láìsí ẹni burúkú nínú rẹ̀. Ọmọ kékeré ń wá ẹni tí òun máa bẹ̀rù. Ibi tó ṣókùnkùn àti ibi tí ilé ti wó lè dẹ́rù bà á, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn ò dì í mú.

"What Else Can I Do?" ti Isabela ló tinrín jù lójú tèmi. Orin náà fúnra rẹ̀ ò burú, ó ní gìtá olóhùn líle, ó sì yá. Ẹ wo aṣọ Isabela: ó wọlé pẹ̀lú àwọ̀ kan ṣoṣo tó mọ́ tónítóní, ó jáde pẹ̀lú àbàwọ́n oríṣiríṣi àwọ̀, ẹ̀bùn tó ti fi ń hu òdòdó rírẹwà nìkan sì ti hu cactus, ewéko ẹlẹ́gùn-ún. Àwòrán yẹn gbọ́n. Ìpìlẹ̀ ni kò sí. Luisa ní ojú tó ń gbọ̀n kó tó kọrin. A ti ń fura. Isabela ò ní irú rẹ̀. Ó kàn pariwo pé òun ò fẹ́ fẹ́ Mariano, ọkùnrin tí ilé fẹ́ kó fẹ́, rí, ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà òun àti Mirabel, àbúrò tí wọn kì í bára wọn ṣọ̀rẹ́, ti di kòríkòsùn. Ká ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ni wọ́n jẹ́ ká rí i kí ẹ̀rín rẹ̀ já nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, orin náà ì bá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ilé wó lẹ́yìn ìyẹn. Mirabel sá lọ sí odò, Abuela bá a níbẹ̀, "Dos Oruguitas" sì bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń kọ ọ́? Kò sí ẹnì kankan nínú ìtàn tó ń kọ ọ́. Sebastián Yatra, olórin ọmọ Kòlóńbíà, ló ń kọrin náà láti ìta, ní èdè Sípáníìṣì, nínú fíìmù tí gbogbo ẹnu ibẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kòkòrò méjì tó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ara wọn lọ kí wọ́n tó lè di labalábá ni. Lábẹ́ rẹ̀ ni a ti rí Alma ọmọge, ìgbéyàwó, ìbẹta, ìsáǹsá, ikú Pedro, láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan. Ọmọ tí kò gbọ́ Sípáníìṣì kò pàdánù ohunkóhun, àwòrán ti sọ ọ́ tán. Wọn ò dárúkọ ogun náà, wọn ò jẹ́ ká rí ẹ̀jẹ̀. Ojú Alma nígbà tó wólẹ̀ ló gba gbogbo rẹ̀. Èyí ni Disney fi sílẹ̀ fún ẹ̀bùn orin Oscar, kì í ṣe ti Bruno. Kò gbà á, àmọ́ fíìmù náà gba Oscar ti kàtúùnù tó dára jù ní oṣù kẹta ọdún 2022. Mo rí ìdí tí wọ́n fi yàn án. Orin tó kù ń ṣàlàyé. Èyí jẹ́ kí a dákẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí iṣẹ́ Germaine Franco kọjá lára yín nítorí pé kò ní ọ̀rọ̀. Ó lo marimba de chonta, ohun èlò orin tí wọ́n ń fi igi ọ̀pẹ chonta ṣe, tó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú etíkun Pacific ní Kòlóńbíà. Àwọn aláwọ̀ dúdú kún inú ìdílé Madrigal àti inú abúlé náà. Wọn ò gbé wọn wá ṣe àfihàn lásán, igi wọn ń dún nínú ilé.

Ó wá ku "All of You". Ìdílé àti gbogbo abúlé ń tún ilé kọ́. Ẹ ka iye nǹkan tí wọ́n fẹ́ kí orin kan ṣoṣo yìí yanjú: Abuela gbà pé ẹ̀bùn kọ́ ni òun yẹ kí òun máa wò, Luisa sọ pé agbára òun lè dín kù ṣùgbọ́n òye òun ń pọ̀ sí i, Isabela fẹ́ di ohun tó wù ú, Bruno bẹ Pepa nípa ìgbéyàwó rẹ̀, ó ní kì í ṣe ìran ni òun rí lọ́jọ́ yẹn, ó kàn rí i pé ara rẹ̀ ń làágùn, Dolores kọ ẹnu sí Mariano, wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, Mirabel gba ọwọ́ ìlẹ̀kùn, idán padà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò pé. Ti Dolores, a lè fi rẹ́rìn-ín. Ti Bruno ni kò yé mi. Ẹni tí wọ́n ba lórúkọ jẹ́ fún ọdún mẹ́wàá ni òun fúnra rẹ̀ ń tọrọ àforíjì. Ìyá rẹ̀ ti gbá a mọ́ra létí odò, ó parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í pé, níbo lo wà? Kò sí ẹni tó lọ wo àwo tó yà sára tábìlì.

Èyí tó tún bà mí nínú jẹ́ jù ni idán tó padà. Fíìmù náà ti lo wákàtí kan ààbọ̀ láti sọ fún ọmọdé pé ẹ̀bùn kọ́ ni èèyàn jẹ́. Luisa ti sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò tíì gbẹ tí wọ́n fi dá agbára rẹ̀ padà fún un, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tún gun èjìká rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ á sunkún bí Casita ò bá jí. Ó ṣeé ṣe kí ilé jí, kí ẹ̀bùn má jí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bùn padà wá díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti rí wọn láìsí i fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n kánjú.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń gbèrò láti túmọ̀ irú orin yìí sí Yorùbá fún ọmọ wọn. Ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì lè gòkè bó ṣe wù ú, ọ̀rọ̀ ò ní yí padà. Tiwa kọ́. Bí ohùn orin bá sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ yẹ kó gòkè, ọkọ́ lè di ọkọ̀, ọkọ̀ lè di ọkọ, bó ṣe rí nínú ọ̀pọ̀ orin ìjọ àtijọ́ tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn òyìnbó. "The Family Madrigal" ló máa rọrùn jù, torí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ lè jẹ́ kí ìlù dúró, kí ẹ fi ohùn oríkì gbé ọ̀rọ̀ náà, kí ohùn máa tẹ̀ lé àmì. "Dos Oruguitas" ló máa le jù, nítorí ohùn orin náà ni gbogbo ẹwà rẹ̀. Níbi tí ẹ kò bá ti rí ọ̀rọ̀ tí àmì rẹ̀ bá ohùn mu, ẹ yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ má fi agbára tì í.

Bí ẹ bá fẹ́ wò ó pẹ̀lú ọmọ, ọdún méje sókè ni mo máa sọ pé ó ti lè jẹ àǹfààní rẹ̀ dé ìdajì tó dára. Fún èyí tó kéré, ẹ dá a dúró lẹ́yìn orin Bruno, ẹ jẹ́ kó lọ mu omi, kí ẹ bi í pé irú èèyàn wo ló rò pé Bruno jẹ́. Ẹ rántí ìdáhùn rẹ̀ títí Bruno á fi yọ. Bí ẹ bá sì dé ibi fọ́tò tó gbẹ̀yìn, tí gbogbo ilé tò síwájú ẹnu ọ̀nà, ẹ da fíìmù padà sí fọ́tò ayẹyẹ Antonio, kí ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Mirabel ti wọlé sínú ti ìkẹyìn. Bruno náà wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì dà bí ẹni pé kò dá a lójú pé òun ni wọ́n pè.